Ta Ló Máa Kí Àwọn Ẹbí Mi? Ìtàn Orin Ìgbéyàwó, Láti Ọwọ́ Àyàn Dé Ọwọ́ DJ

Bóyá inú BRT lẹ wà ni o, bóyá ẹ ń dáná ni o, bóyá inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland Bridge lẹ há sí, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ tòní kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

Mò ń ṣègbéyàwó nínú oṣù Kejìlá. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, àṣẹ. A ti gba gbọ̀ngàn, a ti san àsansílẹ̀ fún àwọn alásè, aṣọ ẹbí ti wà lọ́wọ́ télọ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó ń dá wàhálà sílẹ̀ nílé wa: orin. Bàbá mi ní àfi ẹgbẹ́ eléré jùjú. Àfẹ́sọ́nà mi ní DJ ni. Owó tó wà nílẹ̀ kò sì ká méjèèjì. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi pè mí lórí fóònù. Wọn ò tilẹ̀ jẹ́ kí n kí wọn tán tí wọ́n fi sọ pé: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ lẹ fẹ́ kó máa kí àwọn ẹbí mi?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè yẹn ló gbé mi lọ sídìí ìtàn. Ta ló máa ń kí àwọn ẹbí níbi ìgbéyàwó tẹ́lẹ̀? Báwo ló ṣe di iṣẹ́ ẹ̀rọ?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ìbínú bàbá mi. Lọ́dún 2019, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbéyàwó. DJ la gbà. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá láti Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹni ọdún 77 ni wọ́n nígbà náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tọrọ: kí wọ́n fi orin I.K. Dairo kan sí i fáwọn, káwọn fi bá ọmọ-ọmọ àwọn jó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bá DJ yẹn. Lẹ́ẹ̀kíní, ó ní ó ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ó ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti ń mú orin, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dáa nínú gbọ̀ngàn náà. Nígbà tó di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìyá àgbà tún gèlè wọn ṣe, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé àwọn lọ sílé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Wọn ò jó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n papòdà. Bàbá mi ò dárúkọ ọjọ́ yẹn rí látìgbà náà, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n fi ń pe DJ ní ẹ̀rọ nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.

Láyé àtijọ́, kò sí pé ẹnì kan ń jókòó láti yan orin ìgbéyàwó. Àwọn onílù ló ń wá. Ẹ lè dá ìdílé wọn mọ̀ látinú orúkọ: Àyándélé, Àyánwálé, Àyántúndé. Ìlù ni iṣẹ́ ìdílé wọn láti ìran dé ìran, Àyàn Àgalú ni wọ́n sì kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó lu ìlù. Ìyáàlù dùndún lè sọ̀rọ̀ nítorí pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bí onílù bá fún ọsán ìlù mọ́ra, ohùn á lọ sókè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ohun tó ń fi ìlù sọ, oríkì ni. Bí ìyá ọkọ bá yọ lókèèrè, onílù kò ní béèrè pé ta nìyẹn. Ó mọ ilé tí wọ́n ti bí i, ó mọ oríkì orílẹ̀ rẹ̀, ó mọ ohun tí yóò mú orí rẹ̀ wú. Kí ìyá náà tó dé àárín agbo, gbogbo ayé ti mọ ẹni tó ń bọ̀.

Ìyàwó náà ní tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ìyàwó á sun ẹkún lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ. Á fi ẹkún ìyàwó dágbére fún bàbá àti ìyá rẹ̀, á dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, á tọrọ àdúrà, á sì sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù nípa ilé tó ń lọ. Ẹ wò ó dáadáa: ìlù ni o, ẹkún ni o, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń pe èèyàn lórúkọ, wọ́n ń sọ fún un pé a mọ̀ pé o wà níbí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí a máa padà sórí rẹ̀.

Èkó ló da nǹkan rú. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Sàró dé láti Sierra Leone, àwọn Àgùdà dé láti Brazil àti Cuba. Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n, tàbí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gan-an, tí wọ́n wá ń darí sílé. Wọ́n mú ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n mú dùùrù dé, wọ́n mú ijó òyìnbó dé. Nígbà tó di 1884, ìjọba amúnisìn ṣe òfin ìgbéyàwó ní Èkó, òfin aláya kan. Láàárín àwọn ọ̀làjú Èkó ayé ìgbà yẹn, ìgbéyàwó di aṣọ funfun, kéèkì, ọ̀rọ̀ ìkíni àti ijó nínú gbọ̀ngàn. Ohun tí à ń pè ní reception lónìí, ibẹ̀ ló ti wá. Lójú tèmi, ibẹ̀ náà ni wàhálà yíyan orin ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá gbé dùùrù síwájú, àwọn ará ilé tí wọ́n wá láti oko ò mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n máa gbé. Bí o bá gbé dùndún síwájú, àwọn kan á ní o ò lajú.

Àwọn ọmọ Èkó ló wá orin tó bọ́ sí àárín méjèèjì. Ní nǹkan bí 1930, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tunde King ń kọrin ní àdúgbò Ọlọ́wọ̀gbọ́wọ̀, níbi tí àwọn Sàró pọ̀ sí. Èèyàn mélòó kan péré ni wọ́n: olóhùn-ún-ń-jùjú tó ń ta bánjò, ẹni tó ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ń lu ìlù kékeré olójú kan tó ní ṣaworo lára, tí wọ́n ń pè ní jùjú. Nígbà tó fi máa di 1936, ó ti ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù. Ẹgbẹ́ tó mọ níwọ̀n báyìí lè wọ pálọ̀ èèyàn. Wọ́n á jókòó, wọ́n á rọra máa kọrin, wọ́n á máa dárúkọ olówó ilé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oríkì ti wọnú gìtá nìyẹn.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀: ohùn gìtá ò lè bá ìlù Yorùbá du ilé. Bí gángan kan bá dún, gìtá ti sọnù. Iná mànàmáná ló bá wọn yanjú rẹ̀. Lọ́dún 1949, Ayinde Bakare bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá oníná nínú jùjú. Ní àkókò yẹn kan náà, gángan wọlé. Látìgbà tí ẹ̀rọ amóhùngbòòrò ti ń gbé gìtá àti ohùn sókè, àyè gba onílù mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rọ ló dá ìlù padà sínú orin? Mo sọ èyí fún bàbá mi. Wọ́n ní kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Lẹ́yìn náà ni I.K. Dairo dé, pẹ̀lú àkọ́díọ̀nù lọ́rùn. Lọ́dún 1963, ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Lọ́dún 1964, ìyá àgbà ṣègbéyàwó.

Ìyá àgbà fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn ọjọ́ náà. Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá àgbà, agbára wọn ò gbé ẹgbẹ́ eléré. Ni wọ́n bá yá giramafóònù lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé wọn, wọ́n yá àwo orin lọ́wọ́ ẹni tó ní. Àwo kékeré ni wọ́n nígbà yẹn. Ojú kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í ní gbogbo òru, kó máa pa àwo dà. Àbúrò bàbá àgbà ló ṣe é. Ìyá àgbà ní kò jó rárá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àwọn èèyàn ló ń wò. Bí ó bá rí i pé ìyá ìyàwó ń sún mọ́ etí àga bíi pé ó fẹ́ dìde, á ti yọ àwo tó wà lórí ẹ̀rọ, á fi èyí tí ìyá náà fẹ́ràn síbẹ̀. Ó mọ gbogbo wọn. Ọmọ ilé ni.

Nígbà tí mo rántí ìtàn yìí, mo dìde lórí àga. DJ ti wà nínú ẹbí wa láti 1964! A kàn ò pè é bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí àwọn ọdún 1970, ìgbà tí bàbá mi ń dàgbà ní Mushin. Ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970. Owó epo rọ̀bì ń wọlé. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní oṣù Kìíní 1973. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìjọba fi owó kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní owó Údójì títí dòní. Owó wà lọ́wọ́, àríyá sì ń bẹ. Èkó ń pa títì fún òde ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ni ọba àwọn òde yẹn, ẹgbẹ́ wọn sì ti kúrò ní ti pálọ̀: gìtá bíi mélòó kan, onílù rẹpẹtẹ, àwọn elégbè.

Ẹ wá rẹ́kọ́ọ̀dù wọn láti ìgbà yẹn gbọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú kan odindi ni wọ́n fi ń kọrin láìdúró, bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Orin kan á wọnú òmíràn, ìlù ò ní já. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lóde ni wọ́n ṣe gbé e wọnú àwo, nítorí ẹni tó ń jó kò fẹ́ kí orin já mọ́ òun lẹ́sẹ̀. Ohun tí DJ òde òní ń fi ẹ̀rọ ṣe tí à ń pariwo pé ó mọ mixing, àwọn eléré jùjú ti ń fi ọwọ́ àti ẹnu ṣe é kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, ẹgbẹ́ eléré kì í ṣe áńgẹ́lì. Owó ni wọ́n ń bá lọ. Yàtọ̀ sí owó tí wọ́n fi pè wọ́n, owó tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí tún wà, ìyẹn sì lè ju owó ìpè lọ. Nítorí náà, ẹni tó ń náwó ni orúkọ rẹ̀ ń pẹ́ lẹ́nu akọrin. Bí owó bá ń rọ̀, oríkì ń gùn. Bí owó bá tán, orin á yí sí tábìlì mìíràn. Mo bi bàbá mi pé báwo ló ṣe máa ń rí fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Wọn ò kúkú mọ orúkọ rẹ̀." Ìyá àgbà mi, opó tíṣà, ì bá jókòó níwájú ẹgbẹ́ eléré tó lókìkí jù lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí ẹnikẹ́ni má sì kí wọn.

Àwọn onífújì náà ń bọ̀ lẹ́yìn. Inú orin wéré, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì nínú oṣù Ramadan, ni Sikiru Ayinde Barrister ti yọ fújì jáde. Àti Barrister, àti Ayinla Kollington, wọ́n gbé e kúrò lójú títì òru Ramadan, wọ́n gbé e wọ òde ìgbéyàwó àti ìsìnkú, títí tí àwọn Krìstẹ́nì pàápàá fi ń pè é sí òde wọn.

Nígbà tó wá di 1986, ètò SAP dé. Náírà já wálẹ̀. Ẹ ronú ohun tí ẹgbẹ́ eléèyàn ogún ń ná: bọ́ọ̀sì, oúnjẹ, owó ọwọ́ kálukú, gìtá àti ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun. Gbogbo rẹ̀ gbówó lórí. Bàbá mi sọ pé nígbà tí àwọn wà lọ́dọ̀ọ́, iṣẹ́ ẹni tó ń fi kásẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀rọ lóde ni pé kó má jẹ́ kí ilé dákẹ́ kí àwọn eléré tó dé. Alágbàdúró ni. Díẹ̀díẹ̀, àwọn tí owó wọn ò tó nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó pé, ṣé a ò lè fi alágbàdúró yìí parí òde? Èèyàn méjì, spíkà mẹ́rin, jẹnẹrétọ̀ kan. Kásẹ́ẹ̀tì di CD, CD di kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn kan sì gbé iṣẹ́ náà débi pé àwọn fúnra wọn di ìlúmọ̀ọ́ká. DJ Jimmy Jatt tó bẹ̀rẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1980 gbé àwo orin tirẹ̀ jáde lọ́dún 2007.

DJ lè fún yín ní orin ọ̀pọ̀ ọdún láàárín wákàtí kan, láti I.K. Dairo dé Wizkid, ẹgbẹ́ eléré kan ò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọnù ni orúkọ. Orin inú kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé ìyá ọkọ ti dìde. Ìdí nìyẹn tí hype man fi dé. Ẹ wo iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó mú gbohùngbohùn, ó ń kígbe orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, orúkọ ẹni tó ń náwó. Iṣẹ́ àyàn ló gbé wọ jíìnsì. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn onígángan tí ẹnikẹ́ni ò pè, tí wọ́n á dúró ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, tí wọ́n á máa lù tẹ̀ lé yín títí ẹ ó fi kówó sílẹ̀. À ń bínú sí wọn, ṣùgbọ́n àwọn ló ń ṣe ohun tí DJ fi sílẹ̀.

Ó dáa, ọ̀rọ̀ owó níná: ẹ rántí o, abala 21 nínú òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé fífọ́n náírà àti jíjó lórí rẹ̀ lóde jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì. Wọ́n sì ti ń mú èèyàn. Ẹ máa ṣọ́ra.

Nísinsìnyí, kí ni mo ṣe? DJ mẹ́ta ni mo pè, ìbéèrè kan náà ni mo bi wọ́n: "Kí lẹ máa fi sí i nígbà tí bàbá mi bá ń wọlé?" Àkọ́kọ́ ní gbogbo orin tó ń lọ lọ́wọ́ wà lọ́wọ́ òun, kí n má mikàn. Ìkejì ní kí n kọ orúkọ orin ránṣẹ́, òun á lò ó. Ìyẹn dáa. Ìkẹta dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé: "Ọmọ ibo ni Dádì? Kí ni oríkì wọn? Irú orin wo ni wọ́n ń gbọ́ nínú mọ́tò?"

Ìkẹta la gbà.

Mo ní kó kó gbogbo orin wa sínú ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ká má gbọ́ ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní ẹ̀rọ méjì lòun máa ń gbé, nítorí kékeré ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. A kọ orúkọ àwọn àgbà mẹ́jọ tí a gbọ́dọ̀ kí, bóyá wọ́n náwó tàbí wọn ò náwó, a sì kọ orin kọ̀ọ̀kan síwájú orúkọ wọn. Àbúrò mi obìnrin ló máa jókòó tì í, kó máa tọ́ka sí ẹni tó ń dìde fún un. A tún máa pe onígángan kan, ẹni kan ṣoṣo, tó máa kí àwọn òbí méjèèjì wọlé. Apá yẹn ò sí nínú kọ̀ǹpútà.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi. Mo ní, "Dádì, ẹni tó mọ̀ yín ló máa kí yín, ẹ̀rọ kàn máa bá a gbé e ni." Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sì sọ pé kò dáa. Mo rò pé ìjà ṣì kù.

Ní aago márùn-ún ìdájí ọjọ́ kejì, fọ́tò kan wọlé sórí WhatsApp mi. Ìwé tí wọ́n ya nínú káńdà ni, ìkọ̀wé bàbá mi sì ni. Orin 14, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kìíní, orin I.K. Dairo yẹn ni. Níwájú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ti Màmá. Èmi ni mo máa jó o."

Ibi tí mo máa dúró sí lónìí nìyẹn. Bí ẹ bá ní àgbà kan nílé, ẹ pè é lónìí, ẹ bi í pé orin wo ni wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó rẹ̀, àti pé ta ló ń pa àwo dà. Ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ire o.